Omi wo ló wọ ọgbẹ́ náà?

Bíọ́dún ọ̀rẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ o. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní egungun ojúgun aláìsàn kan ṣẹ́, ó yọ síta, omi sì ti fọ ọgbẹ́ náà mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Má jẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́. Ọgbẹ́ tó wọ odò lè funfun báláú lójú, kí iyanrìn àti kòkòrò sì ti wọ ihò inú egungun.

Ohun tí màá kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé: omi wo? Kòkòrò tó ń jẹ́ Aeromonas ló ń gbé inú odò àti adágún. Bó bá jẹ́ òkun, tàbí ibi tí odò ti ń wọ òkun, kòkòrò Vibrio ni kí o máa ṣọ́. Oògùn apakòkòrò cefazolin nìkan kò ká Aeromonas, àmọ́ má tìtorí ìyẹn pa á tì, kòkòrò ara awọ ṣì wà níbẹ̀: 2 giramu sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí wákàtí 1 tó pé lẹ́yìn tó bá dé. Fún omi odò, fi ciprofloxacin 400 miligiramu kún un ní wákàtí 12-12. Fún omi òkun, fi doxycycline 100 miligiramu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ àti ceftazidime 2 giramu ní wákàtí 8-8 kún un. Méjèèjì, ciprofloxacin àti doxycycline, kì í ṣe ohun tí a máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí fún aboyún. Bi aláìsàn náà bóyá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn pẹ̀lú, torí Vibrio vulnificus lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí awọ bá ń lé ròrò ẹlẹ́jẹ̀, má ṣe dúró de láábù.

Ya fọ́tò ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, fi gọ́ọ̀sì tí a rẹ sínú omi iyọ̀ bò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i mọ́ títí ẹ ó fi dé tíátà iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣí i wò ló ń fi kòkòrò tiwọn kún un. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì náà ńkọ́? Máṣe gbàgbé.

Egungun tó yọ síta lásán lè dúró títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Èyí tó wọ odò, gọ́tà tàbí ṣalángá kò lè dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi kọ́ ni iṣẹ́ gan-an, ọ̀bẹ ni. La ọgbẹ́ náà gùn sí i, fa orí egungun méjèèjì síta, kí o wo inú ihò wọn. Ẹran tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tí kò sún kì nígbà tí o fún un, tí kò sì ṣẹ̀jẹ̀, gé e dànù. Èérún egungun tí ẹran kò dì mọ́, tó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí o fà á, kó o kúrò. Àánú ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí o wá da omi iyọ̀ sí i, lítà 9 bí ọgbẹ́ náà bá tóbi, kó máa ṣàn wọ́ọ́rọ́. FLOW, ìwádìí ọdún 2015 lórí fífọ ọgbẹ́ egungun tó ṣẹ́ yọ síta, fi hàn pé agbára tí omi fi ń jáde kò mú ìyàtọ̀ wá, àti pé àwọn tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọgbẹ́ wọn padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ju àwọn tí wọ́n fi omi iyọ̀ fọ̀ lọ. Ẹran tí o bá gé lẹ́yìn fífọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ sí láábù. Kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé omi ló wọ̀ ọ́, torí Mycobacterium marinum, kòkòrò inú omi kan, kò fẹ́ràn ooru 37 °C, 30 °C ni ó ń fẹ́, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hù ní láábù.

Má rán an pa. Gún irin mọ́ egungun láti òde, jìnnà sí ọgbẹ́, kí ẹ tún wò ó láàárín wákàtí 48. Kí àwọn tó ń fi awọ àti ẹran bo ọgbẹ́ ti mọ̀ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n lè bò ó kí wákàtí 72 tó pé, bí ó bá ti mọ́.

Ohun kan ṣì kù: ọgbẹ́ tó la sílẹ̀ kò ní kí ẹsẹ̀ má wú pa iṣan inú rẹ̀. Bí fífa ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń dun aláìsàn ju bó ti yẹ lọ, má sọ pé oògùn ìrora ni kò tó.

Kọ èsì láábù ránṣẹ́ sí mi tí ó bá dé.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Kúnlé