Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Lyon: Àpótí Onígi Tí Wọ́n Fi Ya Sinimá

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, pẹ̀lú fọ́tò kámẹ́rà onígi tí o yà ní ilé àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé tí wọ́n ṣe kámẹ́rà náà. Inú mi dùn pé ara yín le. O béèrè bí àpótí tí kò lo iná mànàmáná ṣe ya àwòrán tó ń rìn ní 1895. Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá ló máa dá ọ lóhùn.

Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń jókòó tì wọ́n? Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé, aṣọ á dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, eyín wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ á ti aṣọ síwájú díẹ̀, á sì tún dúró. Ara irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Louis Lumière ti rí ọgbọ́n tó wá.

Nínú àpótí yẹn, èékánná irin méjì ló dípò eyín. Wọn á ki orí bọ ihò etí fíìmù, wọn á fà á wálẹ̀ ní ìwọ̀n àwòrán kan, wọn á yọ orí, wọn á sì gòkè padà lófo. Àsìkò tí wọ́n ń gòkè lófo yìí ni fíìmù dúró, ìgbà náà sì ni ìmọ́lẹ̀ ń bá a. Irin pẹlẹbẹ kan, róbótó bí àwo, tí a gé apá kan rẹ̀ kúrò, ń yí lẹ́yìn lẹ́ńsì: ibi tí a gé ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé nígbà tí fíìmù dúró, ibi tó kù sì ń dí i nígbà tí fíìmù ń lọ. Láìsí irin yìí, àwòrán á fà yọ̀rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ nu yíǹkì tútù. Lójú tèmi, dídúró yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ta ni kò lè fa fíìmù?

Ọwọ́ ni ayàwòrán fi ń yí ẹ̀rọ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń mú àwòrán 16 wá. Fíìmù náà jẹ́ nǹkan bíi mítà 17, kì í sì í tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń tán. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀ nígbà tó ń yà á, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé nígbà tí a bá fi í hàn ní ìyára tó yẹ. Ìyẹn rú mi lójú títí mo fi ṣírò rẹ̀.

Kámẹ́rà tí Dickson ṣe fún ọ̀gá rẹ̀ Edison, olùṣẹ̀dá ẹ̀rọ, ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà ń lo mọ́tò oníná, ó sì wúwo débi pé ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ló ń wá bá a. Ti àwọn Lumière ní Lyon ni èèyàn kan lè gbé rìn, òun kan náà ni wọ́n sì fi ń tẹ ẹ̀dà fíìmù, tí wọ́n á kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun tí oòrùn ń ràn sí. Bí wọ́n bá tún gbé àtùpà sẹ́yìn rẹ̀, á di ẹ̀rọ ìfihàn, bí wọ́n ṣe lò ó ní Grand Café ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895.

Bí o bá tún débẹ̀, jọ̀wọ́ wo etí fíìmù wọn. Ihò róbótó kan péré ló yẹ kí o rí ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àwòrán, nígbà tí ti Edison jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Sún mọ́ ọn dáadáa kí o tó ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.