Macaulay tó jẹ́ bàbá ńkọ́?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ pátákó ìrántí tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ létí títì ni mo bá wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi gbé e síta.

Ta ni kò mọ Herbert Macaulay l'Ékòó? Ère rẹ̀ wà ní Yábàá, títì ńlá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwa àgbà sì ná náírà kan tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọléèwé pé ta ni bàbá rẹ̀, ẹ óò rí i tí yóò máa họrí. Bẹ́ẹ̀, bàbá yìí, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, CMS Grammar School, ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere Church Missionary Society, lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà, ọdún 1859.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọba Dòsùnmú kò tíì buwọ́ lu ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó lọ́dún 1861. Ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cotton House, ní Broad Street, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà péré ni, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń sùn. Latin ń bẹ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, Greek ń bẹ níbẹ̀, ìṣirò náà kò gbẹ́yìn. £50 ni owó tí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò, James Pinson Labulo Davies, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó di oníṣòwò, ló sì fà á yọ. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ọmọ Yorùbá ló fowó sílẹ̀, ọmọ Yorùbá ló fi ṣiṣẹ́. Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n ti bí Macaulay, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó fẹ́ Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ó sì wà nídìí iléèwé náà títí ó fi kú lọ́dún 1878.

Ẹ wá tẹ orúkọ rẹ̀ sórí Google. Òyìnbó kan lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé! Olóṣèlú Gẹ̀ẹ́sì ni, orúkọ wọn bára mu láìku ẹyọ kan, òun ló kọ̀wé lọ́dún 1835 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ará Íńdíà. Ẹ̀yìn onítọ̀hún ni tiwa há sí.

Bàrígà ni iléèwé náà wà báyìí. Kí wọ́n rántí rẹ̀ nínú ọgbà wọn dára, àmọ́ ta ló máa kọjá lójú ọlọ́dẹ ẹnu géètì torí pé ó fẹ́ ka ìtàn? Broad Street ni kí wọ́n gbé pátákó sí, kí ó kọjú sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, nítorí ẹni tó wà nínú dánfó kò lè kà á.

Kí wọ́n má sì ṣe irú èyí tí mo mọ̀ ládùúgbò kan o. Orúkọ olóṣèlú tó ṣí i tóbi ju ti olóògbé lọ. Nígbà tí ìbò dé, wọ́n lẹ póstà mọ́ ọn, ẹ̀rín olùdíje ló wà níbi tí ọdún ìbí olóògbé wà tẹ́lẹ̀. Òjò ti pa póstà náà tán, gúlúù rẹ̀ kò kúrò.

Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni mo ń bá wí. Yorùbá ni kí ó ṣáájú, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e. Bí kò bá sí ẹni tó máa kọ ọ́, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀:

“Ní Broad Street yìí ni Àlùfáà T. B. Macaulay ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1859, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà àti £50 tí J. P. L. Davies fi sílẹ̀.”

Kò gbọdọ̀ sí orúkọ ẹnikẹ́ni mìíràn lórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Yábàá, Èkó.