Ilẹ̀kùn méjì péré ló wà nínú òṣèlú Amẹ́ríkà

Olóòtú ìwé ìròyìn wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo rí lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn pásítọ̀ òyìnbó ló ń yan ààrẹ fún Amẹ́ríkà, pé tí wọ́n bá ti gbọ́wọ́ lé èèyàn lórí, ìbò ti tán nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Houston ní Texas lèmi ń gbé, mo ti gba ìwé ọmọ onílùú, mo ń dìbò, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, kẹ́ ẹ má lọ rò pé ẹni tí ò mọ Ọlọ́run kan ló jókòó síbì kan tó ń bú ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju pásítọ̀ lọ jàre. Àwọn onígbàgbọ́ yẹn ò pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Ilẹ̀kùn méjì péré ló wà nínú òṣèlú ibí, páátì Republican àti páátì Democrat, àwọn wá lọ dúró sẹ́nu ọ̀kan, ti Republican, ẹni tí ò bá sì kí wọn ò lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí. Ní March 2024 a ṣe ìdìbò abẹ́lé ní Texas. Mo dé ibùdó ìdìbò, mo yọ láísẹ́ǹsì mi fún ìyá àgbà kan tó jókòó sídìí tábìlì, ó wo orúkọ mi (orúkọ mi gùn, ẹ fọkàn sí i), ó wojú mi, ó ní èwo ni mo fẹ́, ti Republican ni àbí ti Democrat. Mo ní ṣé mi ò lè mú nínú méjèèjì ni, kí n mú sẹ́nétọ̀ látibí, kí n mú adájọ́ látọ̀hún? Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lógún ìgbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan ni o. Tí ẹ bá sì ti mú ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni ò bá rí ju ìdajì ìbò gbà, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá tún un dì lóṣù karùn-ún, ọ̀dọ̀ páátì tẹ́ ẹ mú lákọ̀ọ́kọ́ yẹn náà lẹ ti máa dì í, ẹ ò lè sọ pé ẹ ti ronú pìwà dà.

Ẹ ó ní kí ló wá burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé láti 1994, kò sí Democrat kankan tó tíì wọlé sípò tí gbogbo Texas jọ ń dìbò fún, gómìnà o, sẹ́nétọ̀ o, kọmíṣọ́nà o, kò sí. Torí náà ẹni tó bá ti borí nínú ìdìbò abẹ́lé Republican ti wọlé nìyẹn, ti oṣù kọkànlá tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ìkómọ lásán ni, oṣù kẹta ni wọ́n ti bímọ. Ta ló wá ń jáde lóṣù kẹta? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì ò ráyè, àwọn ọ̀dọ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbò wà, èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí náà, ó tó ìgbà mẹ́ta tí mi ò lọ. Àmọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á lọ. Òjò ì báà rọ̀, wọ́n á lọ, wọ́n á fi bọ́ọ̀sì kó àwọn arúgbó wọn. Kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀, ìtara ni, mi ò sì lè fi ìtara bú èèyàn.

Lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú ìbò yẹn, mo jáde nínú ìsìn, mo bá pépà kan lábẹ́ wáípà mọ́tò mi. Fọ́tò méjì ló wà lókè ẹ̀, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó, ẹnìkejì rí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé tésàn. Ìlà mẹ́jọ àbí mẹ́sàn-án wà lábẹ́ wọn: oyún ṣíṣẹ́, ìgbéyàwó, àdúrà nílé ìwé, ìbọn, owó orí, èyí fara mọ́ ọn, èyí ò fara mọ́ ọn. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ dìbò fún lágbájá, àní nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n kọ ọ́ tíńtín pé àwọn ò ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Òfin kan wà láti 1954, Lyndon Johnson tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ Texas níbí nígbà yẹn ló gbé e wá, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì tíjọba ò gbowó orí lọ́wọ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ polongo fún olóṣèlú kankan, kò sì gbọdọ̀ polongo lòdì sí i. Torí ẹ̀ ni pásítọ̀ ò fi ní dárúkọ, á kàn ní ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ ẹni tí ọkàn Ọlọ́run wà lọ́dọ̀ ẹ̀, gbogbo ìjọ á ní àmín. Ní 2025 àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ lọ sọ ní kóòtù ní Texas níbí pé lójú tàwọn, tí pásítọ̀ bá ń bá ìjọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìsìn, òfin yẹn ò kàn án. Ẹ ò rí nǹkan.

Àwọn tó wà nílé lè rò pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Jimmy Carter ti Democrat tó wọlé ṣe ààrẹ ní 1976, ọmọ Baptist ni, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹnu ara ẹ̀ ló fi ń sọ pé àtúnbí lòun, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló sì tì í lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di 1980, àwọn kan náà kẹ̀yìn sí i, wọ́n lọ gbé Ronald Reagan ti Republican, òṣèré sinimá tóun àti ìyàwó àkọ́fẹ́ ti kọ ara wọn. Jerry Falwell, pásítọ̀ kan ní Lynchburg ní Virginia, ti dá Moral Majority, ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ sínú òṣèlú, sílẹ̀ ní 1979, Reagan wá dé Dallas lọ́dún kejì, ó dúró níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ pásítọ̀, ó ní òun mọ̀ pé wọn ò lè fọwọ́ sí òun, àmọ́ òun fọwọ́ sí wọn. Ọkùnrin yẹn gbọ́n! Lẹ́yìn ẹ̀ ni Pat Robertson, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, jáde fún ààrẹ ní 1988, ó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé Republican ní Iowa, Bush bàbá tó jẹ́ igbákejì ààrẹ lọ́wọ́ ló ṣe ìkẹta. Kò wọlé, àmọ́ ó ti rí ọ̀nà: má wulẹ̀ dá páátì tìẹ sílẹ̀, wọ inú èyí tó wà, gba wọ́ọ̀dù ẹ̀, gba ìgbìmọ̀ ilé ìwé, kó o tó máa wo ààfin. Ẹgbẹ́ Christian Coalition tó dá sílẹ̀ ní 1989 ni wọ́n sọ pépà abẹ́ wáípà yẹn di nǹkan tí wọ́n ń pín jákèjádò.

Ní 2004, ìpínlẹ̀ 11 fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin sórí ìwé ìbò lọ́jọ́ kan náà tí Bush ọmọ àti Kerry ti Democrat ń dupò ààrẹ, gbogbo 11 ló ní àwọn ò fẹ́ ẹ, Ohio wà nínú wọn, Ohio ló sì dá Bush padà sípò (bóyá ìgbéyàwó ló kó èèyàn jáde àbí ogun, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀, èmi ò dá sí i). Ní 2016 nǹkan bí 8 nínú 10 àwọn ajíhìnrere aláwọ̀ funfun ló dìbò fún Trump, ọkùnrin tó ti fẹ́yàwó mẹ́ta, ó yan adájọ́ mẹ́ta sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, nígbà tó di June 2022 wọ́n fagi lé ìdájọ́ Roe, èyí tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹ́ oyún, tó ti wà láti 1973. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó ṣèlérí fún wọn, ó sì mú un ṣẹ. Mélòó nínú olóṣèlú tá a mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ibi tó ti wá ń dùn mí nìyí o. Èmi gan-an ò fara mọ́ oyún ṣíṣẹ́, ẹ jẹ́ kó yé yín. Àmọ́ ní ìparí January 2020, ọkùnrin tá a ń gbàdúrà fún ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló fi orúkọ Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn ò ní fún ní físà láti wá gbé Amẹ́ríkà mọ́, àbúrò mi ọkùnrin sì wà lórí ìlà, ó ti ń dúró látọdún mọ́kànlá. Ó di ọdún kejì kí Biden tó fagi lé e. Mo sọ fún ìyá òyìnbó kan tá a jọ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Ó ní òun náà ò gba ti ọkùnrin yẹn, ẹnu ẹ̀ burú, ìwà ẹ̀ ò dáa, àmọ́ tóun bá lọ bá àwọn tọ̀hún, ọ̀rọ̀ oyún tó ká òun lára jù, wọn ò ní gbọ́ ọ rárá, ó ní níbo ni kóun wá gbà báyìí. Mi ò rí èsì fún un. Ìyá yìí ló yẹ kẹ́ ẹ máa rò tẹ́ ẹ bá ń sọ pé àwọn ẹlẹ́sìn ló ń tukọ̀ Amẹ́ríkà. Páátì mọ̀ pé kò níbi tó ń lọ. Oníbàárà tí ò ní ṣọ́ọ̀bù míì tó lè yà sí, ta ló máa bu ènì fún un?

Àwọn Democrat náà ńkọ́, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ pè wọ́n ní ẹni mímọ́. Tó bá ti di oṣù kẹwàá, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn adúláwọ̀ ni ilé wọn, wọ́n á jókòó síwájú pátápátá, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ sí orin tí wọn ò mọ̀, tí ìsìn bá parí bọ́ọ̀sì á gbé ìjọ lọ dìbò, Souls to the Polls ni wọ́n ń pè é. Raphael Warnock tó ń ṣe sẹ́nétọ̀ fún Georgia láti 2021, pásítọ̀ ni ní Ebenezer ní Atlanta, ibi tí Martin Luther King ti wàásù. Mi ò ní ó burú. Àmọ́ tí oṣù kọkànlá bá ti kọjá, wọ́n di àwátì, ó tún di ìgbà ìbò míì. Ọ̀rọ̀ ènì yẹn náà ni.

Ẹ óò ní ṣé kò sí ẹgbẹ́ kẹta ni? Ó wà, ó pọ̀. Ní 1992 Ross Perot, olówó Texas níbí, gba nǹkan bí 19 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò jákèjádò, ẹ mọ iye tó kàn án nínú ìbò 538 tí wọ́n pín fún àwọn ìpínlẹ̀, tó ń yan ààrẹ gan-an? Òdo. Torí pé ní ìpínlẹ̀ 48, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ, Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín in. Ní 2000 Ralph Nader ti ẹgbẹ́ Green gba ìbò tó lé ní 97,000 ní Florida, ìbò 537 ni Bush ọmọ fi ju Gore ti Democrat lọ níbẹ̀, títí dòní tẹ́ ẹ bá dárúkọ Nader létí Democrat tó ti dàgbà, á wò yín bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Gallup, àwọn tó ń ṣèwádìí èrò aráàlú, ló sì ń sọ pé àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹni tí ò sí nínú páátì kankan ti lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n pọ̀ o! Àmọ́ lọ́jọ́ ìbò, ilẹ̀kùn méjì yẹn náà ni wọ́n ń gbà. Ó máa ń rán mi létí SDP àti NRC wa nílé, àfi pé ti wa, sọ́jà ló pa á láṣẹ pé kó jẹ́ méjì, ti ibí kò sófin tó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbò ló ń pa ẹ̀kẹta kó tó dàgbà.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ilẹ̀kùn ló ń ṣe wá ni Kansas. Kansas ò dìbò fún Democrat ṣe ààrẹ mọ́ láti 1964. Ní August 2022, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fagi lé Roe, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kò sí orúkọ páátì níbẹ̀, kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni: ṣé kí wọ́n yọ ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́ kúrò nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn? Nǹkan bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún ní rárá. Èmi ì bá dì í fún bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ìpínlẹ̀ kan náà tún dá sẹ́nétọ̀ Republican wọn tó kórìíra oyún ṣíṣẹ́ padà.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí wọ́n ń dán wò, Maine ń lò ó fún ìbò ìjọba àpapọ̀ láti 2018, Alaska láti 2022: èèyàn á kọ 1, 2, 3 síwájú àwọn tó ń dupò, tí ẹni àkọ́kọ́ yín bá ṣe ìkẹyìn, ìbò yín ò ṣòfò, ó ré kọjá sọ́dọ̀ ẹnìkejì. Ti Alaska dùn mọ́ mi jù torí wọn ò bi yín pé páátì wo, ìwé ìbò abẹ́lé kan náà ni gbogbo èèyàn ń lò, ẹni mẹ́rin àkọ́kọ́ ló ń lọ síwájú. Bí Lisa Murkowski, sẹ́nétọ̀ Republican ní Alaska, tó dìbò pé Trump jẹ̀bi nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbẹ́jọ́ ẹ̀ ní 2021, ṣe padà wọlé ní 2022 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ páátì ẹ̀ gan-an ń ti ẹlòmíì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ní 2024 wọ́n gbé irú ẹ̀ síwájú àwọn ará Nevada, Oregon, Colorado àti Idaho, wọ́n kọ̀ ọ́ níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Alaska fúnra ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọ́ dànù, Florida àti Tennessee ti fòfin dè é. Ní Nevada, páátì méjèèjì ló ní kí wọ́n má gbà á. Àwọn tí wọn ò lè jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àwọ̀ ọ̀run!

Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, èmi àti ìyàwó mi jọ wọ mọ́tò kan lọ dìbò, a tò sórí ìlà fún bíi wákàtí kan, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ṣáà ń kùn. Nígbà tá a ń bọ̀ ó ní ta ni mo dì í fún. Mo sọ fún un. Ó pariwo, torí ẹnìkejì ló dì í fún. A dé ibi tí iná ojú pópó ti dá wa dúró, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá rọra ní ṣé a ò bá ti kúkú jókòó sílé ká sùn.

Òǹkàwé yín ní Houston, Texas