Ìbéèrè rẹ lórí ewé tí kò ṣàìsàn

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn púpọ̀. O ní bí a bá kó fáírọ́ọ̀sì ran ewé, tí ewé náà kò ṣàìsàn, ṣé ewé ti borí nìyẹn?

Ewé nìkan kò lè sọ fún wa. Bí a bá fi lẹ́búlẹ́bú carborundum ha ewé tábà kí fáírọ́ọ̀sì lè ráyè wọlé, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì ló ń kọ́kọ́ mú un. Àwọn tó kù ń dúró dìgbà tó bá ràn dé ọ̀dọ̀ wọn. O ò ní mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti kún.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn protoplast nìyẹn, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ewé tí a ti bọ́ ògiri rẹ̀ kúrò. A ó rẹ ewé sínú omi ẹ́ńsáìmù: pectinase á tú ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì pọ̀, cellulase á jẹ ògiri wọn. Mannitol, ohun kan tó jọ ṣúgà, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ògiri mọ́ á mumi títí á fi bẹ́. Roboto ni wọ́n máa ń rí, bí ẹyin ẹja. Kò sí ohun tó wù mí wò tó wọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù! Gé ẹnu páìpẹ́ẹ̀tì kó fẹ̀ kó o tó fà wọ́n, wọn ò gba ìnira rárá.

Ní 1969, Takebe àti Otsuki ní Japan fi kẹ́míkà poly-L-ornithine ran TMV (tobacco mosaic virus, fáírọ́ọ̀sì tó ń ṣe tábà) lọ́wọ́ láti wọ protoplast tábà, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì sì mú un lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, kẹ́míkà PEG (polyethylene glycol) tàbí iná mànàmáná la fi ń ti RNA rẹ̀ gan-an, ìyẹn ohun tó gbé àwọn jíìnì rẹ̀, wọlé. Látìgbà tó bá ti wọlé, wákàtí sí wákàtí lo lè máa bu díẹ̀ wò bóyá RNA ń pọ̀ sí i.

Ó wá kan ìbéèrè rẹ. TMV ní prótéènì kan tó fi ń gba àwọn ihò tín-ín-tín láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì. Ba jíìnì rẹ̀ jẹ́: fáírọ́ọ̀sì á ṣì máa bí sí i nínú protoplast, ṣùgbọ́n nínú ewé, ibi tó wọ̀ ló máa há sí. Ewé náà lè máà fi àmì kankan hàn, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kò dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àtipọ̀ sí i. Protoplast náà kò sì lè fi ìrìn hàn ọ́, torí kò ní aládùúgbò. Àwọn méjèèjì ni kó o ṣe, pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì kan náà.

Jọ̀ọ́, fi kẹ́míkà fluorescein diacetate yẹ àwọn protoplast rẹ wò ná. Èyí tó wà láàyè nìkan ló máa tàn. Kó o sì ya àwọn kan sọ́tọ̀ tí o kò kó fáírọ́ọ̀sì ràn, nítorí bíbọ́ ògiri nìkan ti tó láti da sẹ́ẹ̀lì láàmú.

Irú fáírọ́ọ̀sì wo lo ń lò? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Débọ̀