Ta Ló Ṣẹ́ Igi Jọ?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn. Lọ́dọọdún ni mo ń bi wọ́n pé kí ló fa Ogun Àgbáyé Kìíní, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń kọ ọ́ fún mi pé ìbọn tí wọ́n yìn pa àrólé ọba Ọ́stríà-Húngárì ní Sarajevo, ìlú kan ní Bọ́sníà, ni. Mo máa ń fún wọn ní máàkì. Ó ń dùn mí títí dòní. Ẹni tó ṣáná nìkan ni wọ́n dárúkọ, èmi náà ò sì bi wọ́n pé ta ló ṣẹ́ igi jọ.

Ọjọ́ 28 oṣù Okúdù, 1914 ni. Franz Ferdinand, àrólé ọba náà, àti Sophie aya rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò bà wọ́n. Awakọ̀ wá yà síbi tí kò yẹ kó yà, wọ́n ní kó padà, ọkọ̀ dúró. Ìtòsí ibẹ̀ ni Gavrilo Princip, ọmọ ẹ̀yà Sérbíà láti Bọ́sníà, wà. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún 19 ni, ojúgbà ọ̀pọ̀ nínú yín. Òun kọ́ ló wá ìbọn fúnra rẹ̀ o. Àwọn ọ̀gá ológun kan ní Sérbíà ló fún òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yìn ín, wọ́n sì bá wọn wá ọ̀nà kọjá ẹnubodè. Inú ẹ̀wọ̀n ni ikọ́ àwúgbẹ ti pa ọmọ náà ní 1918.

Ọjọ́ 37 ló sì wà láàárín ìbọn yẹn àti ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun. Bó bá ṣe pé ìbọn nìkan ni, wọn ì bá ti parí ẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Igi ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1871, Jámánì ṣẹ́gun Faransé, ó gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ rẹ̀, Faransé sì di kùnrùngbùn. Ní 1882, Jámánì, Ọ́stríà-Húngárì àti Ítálì mulẹ̀. Faransé àti Rọ́ṣíà mu tiwọn ní 1894. Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé rẹ́ ní 1904, ó bá Rọ́ṣíà rẹ́ ní 1907, nígbà tí òun àti Jámánì ti ń fi ọkọ̀ ogun ojú omi figa gbága. Ní 1908, Ọ́stríà-Húngárì sọ Bọ́sníà di tirẹ̀ pátápátá. Sérbíà gbà pé ẹ̀yà òun ló wà níbẹ̀. Rọ́ṣíà fẹ́ gbèjà rẹ̀, agbára ò ká a, ìtìjú yẹn ò sì tán lọ́kàn rẹ̀.

Ìmùlẹ̀ wọ̀nyí ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ, Kaiser Wilhelm ọba Jámánì ránṣẹ́ sí Ọ́stríà-Húngárì pé ohunkóhun tó bá ṣe sí Sérbíà, òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyin lohùn. Ọ́stríà-Húngárì fún Sérbíà ní wákàtí 48 láti gba ohun tó béèrè, Sérbíà sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí Kaiser ka ìdáhùn náà ní ọjọ́ 28, òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí ìdí fún ogun mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kéde ogun.

Rọ́ṣíà dìde láti gbèjà Sérbíà, Jámánì sì kéde ogun sí i. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún, Kaiser ní kí wọ́n kó gbogbo ọmọ ogun kọjú sí Rọ́ṣíà, kí wọ́n fi Faransé sílẹ̀. Moltke, olórí ogun rẹ̀, ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ti to ètò ọkọ̀ ojú irin tí yóò kó wọn lọ bá Faransé jà tipẹ́. Ẹ wo ọba tí rélùwéè ń pàṣẹ fún! Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, wọ́n gba Bẹ́ljíọ̀m wọlé kí wọ́n lè dé Faransé, ilẹ̀ tí wọ́n ti fọwọ́ sí i láti 1839 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbógun wọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà bá kó sí i. Mi ò sọ pé ẹ̀bi wọn dọ́gba. Ti Ọ́stríà-Húngárì àti Jámánì wúwo jù lójú tèmi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò sọ pé ara òun lòun ń gbà.

Ogun náà dé ọ̀dọ̀ wa kí oṣù yẹn tó parí. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé ní Tógò, níbi tí àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n ń pè ní Ifẹ̀ tàbí Ana ń gbé, Jámánì kọ́ ilé rédíò tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Ìlú Tógò yìí kan náà ni wọ́n ní Alhaji Grunshi, ọmọ ogun Gold Coast (Gánà òde òní), ti yìnbọn ṣáájú gbogbo ọmọ ogun orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yòókù. Kí ló kan Grunshi nínú ọ̀rọ̀ Alsace?

Mo ń rí yín lórí fóònù báyìí. Ogun á bẹ̀rẹ̀ níbì kan, kó tó di alẹ́ ẹ ti yan ẹni tí ẹ ń tì lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìlérí tí wọ́n ti ṣe fúnra wọn kí ọjọ́ náà tó dé, àti ẹni tó fi ìbọn lé àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Ẹ má sì sọ fún ọ̀rẹ́ kankan pé ohunkóhun tó bá ṣe, ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tí mo fún ní máàkì nígbà yẹn ti ń tọ́ ọmọ. Bí olùkọ́ bá bi ọmọ yín ní ìbéèrè tí mo máa ń bi yín, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti 1871.

Èmi ni,
Olùkọ́ yín àtijọ́.