Orúkọ ta ló wà lára ọ̀rá yẹn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú wa. Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ń ta pòtétò díndín ilẹ̀ òkèèrè kan tó ń jẹ́ Tyrrells ní súpámákẹ́ẹ̀tì l'Ékòó, pé owó ọ̀rá kan ṣoṣo tó owó ìrẹsì tí odindi ilé máa jẹ yó, ó ní ẹni tó bá rà á, orí ẹ̀ ò pé. Mi ò bá a jà o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dídín ni iṣẹ́ tèmi, ọdún 19 rèé tí mo ti ń din ìpékeré ní Mọ́níyà, mo sì ti dé àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe irú pòtétò yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ọmọ mi obìnrin ló bímọ sí Herefordshire n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lọ bá a wẹ ọmọ, oṣù 5 ni mo lò. Ìlú oko ni, kì í ṣe London yẹn rárá, màálù olójú funfun àti igi ápù lẹ ó máa rí kiri. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọkọ ẹ̀ gbé ọ̀rá Tyrrells kan wọlé, crisps ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọn kì í pè é ní chips bíi tiwa. Mo mú ẹyọ kan, mo gbé e sókè síbi iná, ó nípọn, èèpo ẹ̀ ṣì wà létí ẹ̀, ó ká kò bí etí ajá, kò sì sí méjì tó jọra nínú ọ̀rá yẹn. Mo jẹ ẹ́, ó rún kàù lẹ́nu mi. Mo ní ẹni tó dín eléyìí, inú ìkòkò ló ti dín in. Ọkọ ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀?

Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Tí mo bá da àgbagbà sínú epo, epo á kọ́kọ́ rọ ná, á wá máa hó ṣùù, omi ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jáde yẹn, mo máa ń rò ó kó má lẹ̀ mọ́ra, tí ariwo yẹn bá ti ń lọ sílẹ̀, tí epo dákẹ́, ẹ tètè kó o o, tẹ́ ẹ bá dúró gbé fóònù, ó ti jó. Bí wọ́n ṣe ń din pòtétò olówó ńlá yìí náà nìyẹn, ìkòkò kan tẹ̀ lé ìkòkò kan, epo á tutù, á tún máa gbóná padà díẹ̀díẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó le lẹ́nu báyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọ́ tiwọn gba inú epo kọjá láìdúró, wọ́n á ti ré e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á ti fọ sítáàṣì ẹ̀ kúrò, kíá ló ń jáde rẹpẹtẹ. Àwọn Kettle Chips ti Salem ní Oregon l'Amẹ́ríkà, láti 1982 ni wọ́n ti ń din tiwọn ní ti ìkòkò, ìkòkò náà ni wọ́n tiẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ. Pòtétò fúnra ẹ̀ ò gba gbẹ̀rẹ́ o. Tó bá pẹ́ nínú òtútù jù, ṣúgà á gba ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dín in á dúdú, bí àgbagbà tó ti ń pọ́n lábẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ rò pé kò tíì pọ́n, ìyẹn ti di dòdò, kò lè ṣe ìpékeré mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo ló mú mi kọ̀wé. William Chase tó bẹ̀rẹ̀ Tyrrells, àgbẹ̀ pòtétò ni, súpámákẹ́ẹ̀tì ló ń kó ọjà fún, iye tí wọ́n ń san ò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í din pòtétò ẹ̀ fúnra ẹ̀ lóko ní Herefordshire yẹn ní 2002, orúkọ oko náà, Tyrrells Court, ló kọ sára ọ̀rá. Ní 2006 Tesco, súpámákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà ẹ̀yìn rí ọjà ẹ̀ rà, wọ́n ń tà á, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ò fẹ́ tà fún wọn rárá, ó ní òun máa pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì kó o kúrò lórí káńtà. Àgbẹ̀ o! Sí Tesco!

Èmi ńkọ́? Súpámákẹ́ẹ̀tì kan wà n'Íbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, ọdún 4 ni mo ti ń dín fún wọn, ọ̀rá tiwọn ni wọ́n ń gbé fún mi, orúkọ wọn gàdàgbà níwájú, wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́yìn pé ìfẹ́ ni wọ́n fi dín in. Ìfẹ́ ta ni? Èmi tí epo ta sí lápá! Lọ́jọ́ kan mo lọ ra ọṣẹ níbẹ̀, mo gbọ́ tí ìyá kan ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpékeré tó tó ti ibí yìí, mo dúró sẹ́yìn ẹ̀ lórí ìlà, mi ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí owó epo gbéra tí mo ní kí wọ́n fi nǹkan lé e, máníjà ní oní-ìpékeré pọ̀ nígboro bí eṣú.

Ẹ tún gbọ́ èyí. N'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń gba VAT 20 nínú 100 lórí pòtétò díndín, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò mú ìpékeré, oúnjẹ gidi ni wọ́n kà á sí. Ìjọba Ọba Charles mọyì ìpékeré, máníjà Ìbàdàn ni ò mọ̀ ọ́n.

Lóòótọ́ Chase ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ ẹ̀ láti 2008, ó kọjú sí fífi pòtétò ṣe ọtí vodka, ọ̀rá yẹn ti gba ọwọ́ bíi mélòó kan kọjá títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ KP Snacks, ilé-iṣẹ́ ìpanu ńlá kan níbẹ̀, ní 2018. Tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá ní àgbẹ̀ ti kúrò nídìí ẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ tà á jàre, ẹnikẹ́ni ò já a gbà.

Ẹ bá mi bi àwọn òǹkàwé yín: ta ló mọ àwọn tó ń tẹ ọ̀rá n'Íbàdàn tí wọ́n á gbà láti tẹ 500 péré? Gbogbo àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀, 10,000 ni wọ́n ń pè lẹ́nu. Àgbagbà dúdú ni mo fẹ́ kí wọ́n yà síwájú ẹ̀, kí wọ́n kọ Ìpékeré Ìyá Mọ́níyà sí i gàdàgbà. Máníjà ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo wà nídìí epo.

Èmi ni,
Ìyá Oní-ìpékeré,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.