Ọ̀rọ̀ gèlè yẹn kò tíì tán o

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Àwa náà wà. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, iná kò sí, onílé ti fowó kún owó ilé. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì àti Bàbá Ṣeun kò tíì kí ara wọn títí di òní. Ṣé o rí fídíò náà? Ijó ń lọ, ọkùnrin yẹn kàn na ọwọ́, ó já gèlè lórí ìyàwó oníyàwó, irun tí kò rí òòyà bá ta síta lójú agbo. Ó ní eré ni. Eré ti di ìjà ẹbí báyìí. Àwọn ìyàwó ilé pàápàá ti ń yan ara wọn lódì.

Ewì “The Rape of the Lock” ti Alexander Pope, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́wọ́ ló jẹ́ kí n máa rò ó. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́: Lord Petre fi sísọ́ọ̀sì gé irun díẹ̀ lórí Arabella Fermor, ẹbí méjèèjì fajúro sí ara wọn. John Caryll, ọ̀rẹ́ Pope, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹ̀rín parí ìjà. Ìyẹn bá gbé ohùn ńlá tí Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, fi kọrin ogun, ó fi kọrin irun! Tábìlì ìtọ́jú ojú di pẹpẹ, pọ́dà, Bíbélì àti lẹ́tà ìfẹ́ wà lórí rẹ̀ ní rúdurùdu. Àádọ́ta iwin inú afẹ́fẹ́ ń ṣọ́ yẹ̀rì ẹyọ kan. Sísọ́ọ̀sì gé iwin kan sí méjì, ó tún lẹ̀ pọ̀ padà. Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ ń wo ojú ara wọn. Ní 1712 ló kọ́kọ́ jáde, kó tó fi àwọn iwin kún un ní 1714. Ọdún 1712 yẹn náà ni Petre gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ọkùnrin!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i bí ẹ̀rín. Sir George Browne, ìbátan Arabella, mọ ara rẹ̀ nínú ewì náà, ó bínú pé kìkì ọ̀rọ̀ játijàti ni Pope fi sí òun lẹ́nu. Irú ẹ̀gbọ́n Bàbá Ṣeun nìyẹn. O mọ̀ ọ́n, ti ṣọ́ọ̀ṣì. Òun gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Àdùkẹ́, jọ̀ọ́, sun ìjálá gèlè yìí fún wa. Ìwọ lo kì ewúrẹ́ Alága bí ẹni ń ki ẹkùn, a ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí gèlè lọ sógun, kí ó fara gbọgbẹ́, kí ó padà bọ̀ tìlù-tìfọn. Bú Bàbá Ṣeun díẹ̀. Má mẹ́nu ba ìyá obìnrin náà, má sì mẹ́nu ba gbèsè. Èmi nìkan ni kí o fi ohùn náà ránṣẹ́ sí, má fi sórí gúrúùpù. Tètè ṣe é kó tó di ìgbéyàwó ọmọ Alága, nítorí tábìlì kan náà ni wọ́n fi àwọn méjèèjì sí.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́